Ohun Tí Lẹ́tà Róbótó Tó Fì Fi Ojú Mi Rí

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó pé ogún ọdún lóṣù yìí tí mo ti ń to lẹ́tà ní Ṣómólú. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ kà fún yín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi tó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo kí fọ́ǹtì (ojú lẹ́tà) lè fì, ọ̀kan péré ló kù lọ́kàn mi: ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fì lẹ́tà fún yín.

Fọ́ǹtì tí mò ń wí ni sans-serif, ìyẹn lẹ́tà tí kò ní ìrù kékeré ní ìparí ìlà, tí ìparí ìlà rẹ̀ rí róbótó, tó sì fì sápá ọ̀tún. (Kì í ṣe fọ́ǹtì Roboto ti Google; orúkọ nìkan ló jọra.) Ojú rẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ìwé ọmọdé, páálí bisikíìtì àti àkọlé kúkúrú. Fọ́ǹtì VAG Rounded, tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Volkswagen ní 1979, wà lára àwọn tó sọ ìparí róbótó di ìlúmọ̀ọ́ká. Apple náà lò ó lórí kíbọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe fi irú rẹ̀ to ìwé gígùn.

Ilé ẹ̀kọ́ kan gbé ìwé kíkà àwọn ọmọ kéékèèké wá, 600 ẹ̀dà. Fọ́ǹtì tí mo yàn kò ní ítálíìkì (lẹ́tà tó fì) tirẹ̀, ọ̀gá mi sì ní kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fì í. Lẹ́tà o di ẹyin tó sanra lókè lápá ọ̀tún, tó tín-ín-rín lókè lápá òsì. Ìyẹn ì bá ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ gbéra, ó dúró ṣánṣán bí òpó iná, nígbà tí àmì òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ tán. Bí ẹ ṣe mọ̀, Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́mbà lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ọ̀ tàbí ẹ́. Lọ́tọ̀ ni a ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì ti pèsè ibi tí àmì náà yóò jókòó sí, orí lẹ́tà kejì ni yóò sá lọ. Ọmọ tó ń kàwé kò lè mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ìyá tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà pè mí: “Bọ̀dá, ta ló da ẹ̀wà sórí ìwé wa?”

Owó ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ọ̀gá mi tó pàṣẹ kò fi kọ́bọ̀ kún un, ó sì ń sọ káàkiri pé n kò ka prúùfù (ẹ̀dà àyẹ̀wò). Mo kà á. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti kà á, níbi tí mo ti fẹ lẹ́tà náà tóbi ju bí yóò ṣe rí lórí bébà lọ.

Ní báyìí, mi ò gba fọ́ǹtì kankan wọlé láìjẹ́ pé ó ní ítálíìkì tí ọwọ́ ènìyàn yà, kí n sì tẹ ọkọ̀, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀ṣọ́ sórí bébà ní lẹ́tà kékeré, ìwọ̀n 9. Fọ́ǹtì méje ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi gbé wá lẹ́yìn tí mo bá a wí. Méjì péré ló yege.