Ẹ̀yin Tó Fẹ́ Ra Béèsì: Ohun Tí Mo Kọ́ Nínú Ẹgbẹ́ Olórin Wa Ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ máa ń bi mí pé béèsì (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) wo ni kí ẹ rà, ìbéèrè ni èmi náà máa ń fi dá yín lóhùn: ẹgbẹ́ wo lẹ ń bá ṣeré? Ẹni tó ń fi béèsì bá akọrin ìjọ ṣeré ní Ìjàpọ̀, níbi tí orin ìyìn ti ń lọ láì dúró títí gbogbo èèyàn á fi làágùn, ohun tí yóò wá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní FUTA gbá háíláìfù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwa tí a níṣẹ́ mìíràn tí a fi ń jẹun, ekukáká la fi ń rí owó béèsì kan kó jọ. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tí ẹ wà yan béèsì fún yín. Fídíò tí ẹ wò lóru kò mọ ẹgbẹ́ yín.

Olókùn mẹ́rin àbí olókùn márùn-ún? Èyí ló máa ń fa iyàn jù láàárín àwọn ọ̀dọ́. Okùn mẹ́rin ni E, A, D àti G, láti orí èyí tó nípọn jù. E yẹn, bí ẹ bá ta á láì tẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olókùn márùn-ún fi B kún un nísàlẹ̀, ìyẹn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Ó wúlò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóòótọ́. Akọrin tí ohùn ti há mọ́ lọ́fun á sọ orin kalẹ̀ sí E fláàtì tàbí D, olókùn mẹ́rin á sì wá dò ìsàlẹ̀ (ohùn tí orin dúró lé) tì, á ní láti lọ mú un lókè. Mi ò bá olókùn márùn-ún jà. Ṣùgbọ́n lórí béèsì olówó pọ́ọ́kú, B yẹn sábà máa ń rọ̀ dẹ̀lẹ̀dẹ̀lẹ̀ ni, ẹ ò ní mọ ohùn tó ń sọ. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ ki béèsì bọ̀ ńkọ́? Àpótí kékeré tí E ń mú gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ẹ fẹ́ kó gbé B? Ní tèmi o, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó ra olókùn mẹ́rin tó dáa, kó fi èyí tó ṣẹ́kù wá amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, tí wọ́n dìídì ṣe fún béèsì. Ẹ má ki béèsì bọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ orin nílé, ẹ ó fa ẹnu sípíkà rẹ̀ ya, bàbá tó ni ẹ̀rọ ò sì ní bá yín ṣàwàdà.

Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà. Ó lè ti Èkó wá, ó sì lè jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí, tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ na orí béèsì náà sí yín, níbi tí orúkọ wà. “Ẹ̀gbọ́n, orígínà ni o!” Ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Sítíkà kò ṣòro lẹ̀. Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé ìdí béèsì sún mọ́ ojú bí ọdẹ ṣe ń fojú wọ́n ìbọn, kí ẹ wo etí ọrùn méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kò burú, okùn ló ń fà á. Bí etí kan bá lọ síbí tí èkejì lọ sọ́hùn-ún, ọrùn náà ti lọ́ nìyẹn, irin inú ọrùn tí wọ́n ń yí láti tọ́ ọ kò lè tún un ṣe. Ẹ dá a padà fún un, kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Bí ọrùn bá dára, ẹ yẹ okùn dáadáa, kí ẹ tẹ gbogbo fret, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, lọ́kọ̀ọ̀kan lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, ẹni tó ń tà á á sì máa mí kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mí. Ibi tó bá ti dún ṣaaṣa, tàbí tí ohùn ti kú lójijì, ẹ sàmì sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá gẹ́lẹ́, kí ẹ gbọ́ ohùn tó jáde, kí ẹ wá tẹ okùn náà mọ́ fret kejìlá yẹn kan náà. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ máa sún irin tó gbé okùn lórí bridge (ibi tí okùn dúró lé lára béèsì) sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Ìyẹn kì í ṣe àlébù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìdè irin inú ọrùn bá ti ra, tí kò gbá kọ́kọ́rọ́ mú mọ́, ọ̀rọ̀ ti di ńlá, kí owó náà wálẹ̀ gan-an tàbí kí ẹ máa lọ.

Èmi àti àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa jọ lọ wo béèsì kan ní tòsí Ọjà Ọba. Ọ̀gá tó ń tà á ní iná ò sí, pé ká ṣáà gbé e lọ sílé, pé ó ń ṣiṣẹ́. Amp kékeré oníbátìrì wà nínú báàgì wa, wáyà tiwa náà sì wà níbẹ̀. A fà á yọ, a ki béèsì bọ̀ ọ́. Pickup iwájú, ìyẹn ẹ̀rọ abẹ́ okùn tó ń gba ohùn rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ dáadáa. A yí bọ́tìnnì sí ti ẹ̀yìn: kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀gá ní eruku ni. Eruku máa ń hó ṣáá nígbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì ni, kì í pa ohùn rẹ́ pátápátá. Àbúrò yìí tú ìdérí ẹ̀yìn, a bá wáyà kan tó já níbẹ̀, orí rẹ̀ ti dúdú. “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí, ẹ mà le o,” ni ọ̀gá wí. A rà á níye tó dín gan-an sí èyí tó kọ́kọ́ pè, oníṣẹ́ rédíò sì fi lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ ra béèsì nínú wa, amp oníbátìrì yẹn ń bá a lọ.

Ẹ lè máa rò pé gbogbo béèsì bákan náà ni nínú ariwo. Rárá o, pàápàá níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gbé iná. Leo Fender, ará Amẹ́ríkà, ló gbé Precision Bass jáde ní 1951, gígùn okùn rẹ̀ láti nut (ibi tí okùn ti kúrò ní orí béèsì bọ́ sórí ọrùn) dé bridge sì jẹ́ ínṣì 34. Ìwọ̀n yẹn náà ni ọ̀pọ̀ béèsì ń lò títí di òní, ìdí nìyẹn tí okùn rẹ̀ kò fi ṣòro rí rà. Ní 1957 wọ́n pín pickup rẹ̀ sí méjì, wọ́n sì so wọ́n lọ́nà tí ìdajì kan fi ń pa híhùn èkejì, ariwo “húùùn” tí iná ń fà, rẹ́. Jazz Bass dé ní 1960 pẹ̀lú pickup méjì. Bí ẹ bá ṣí méjèèjì bákan náà, wọ́n á pa híhùn ara wọn, bí ẹ bá yí ọ̀kan wálẹ̀, “húùùn” á padà dé. Mo fẹ́ràn ohùn Jazz ju ti Precision lọ, ṣùgbọ́n bí òde òkú àgbà bá wà ní Oǹdó, lábẹ́ àtíbàbà, tí jẹnẹrétọ̀ méjì ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri, Precision ni mò ń gbé lọ. Èyí kò sì ní kí ẹ ra Fender fúnra rẹ̀. Squier tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, Yamaha àti Ibanez tókunbọ̀, gbogbo wọn ni mo ti rí tó dùn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta.

Iná yẹn náà, ẹ ṣọ́ ọ. Okùn béèsì so mọ́ wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ yín. Bí ilẹ̀ iná kò bá dára, tí ẹ di okùn mú tí ètè yín kan máìkì, iná lè gbé yín. Ẹ jẹ́ kí amp àti mixer, ẹ̀rọ tí máìkì so mọ́, gba iná láti ojú kan náà, bí ẹ bá sì rí i pé máìkì ń ta yín létè, ẹ dá eré dúró. Olóde á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Nípa pàṣípààrọ̀: ẹ kọ́kọ́ dá owó lé béèsì méjèèjì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àfikún. Ẹni tó bá ní “mú tìrẹ wá, kí o fi díẹ̀ lé e”, tí kò fẹ́ sọ iye tí tìrẹ tó, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ gba ìwé, kí orúkọ ẹni tó tà á, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn béèsì wà nínú rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ń jí ohun èlò kó ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la mọ̀, béèsì sì ṣe é gbé sá. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fá orúkọ ìjọ kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì dín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má béèrè ìdí, ẹ kọjá. Nígbà tí ó bá kan yín láti tà, ẹ fẹnu ara yín sọ àlébù rẹ̀. Àkúrẹ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ tà á fún lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò pè yín sóde lọ́dún tó ń bọ̀.

Ojú ọjọ́ wa ń ṣiṣẹ́ lára igi. Lásìkò òjò, igi ọrùn á fa omi, á tẹ̀ síwájú, okùn á ga, ọwọ́ á máa dunni. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún sẹ́yìn, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lu fret. Irin fret kì í sún bí igi, nítorí náà etí rẹ̀ á yọ síta, á máa họ ọwọ́. Ẹ tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín, ní nǹkan bí fret keje. Ìwọ̀n bébà káàdì ìpè ìgbéyàwó tó. Bó bá pọ̀ jù, ẹ yí irin inú ọrùn sí apá ọ̀tún, ìdá mẹ́rin yíyí kan péré, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún yí i. Béèsì tó ní bátìrì nínú, ẹ máa yọ wáyà rẹ̀ bí ẹ bá ti ṣeré tán. Wáyà tó wà níbẹ̀ ló ń tan ẹ̀rọ inú rẹ̀, á sì máa jẹ bátìrì náà lọ. Okùn tó ti kú, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ nù ún gbẹ. Á jí fún ìgbà díẹ̀. A ti fi gbá òde.

Ó ku bí ẹ ó ṣe gbá a gan-an. Akọrin kì í sọ ibi tí dò rẹ̀ wà kí orin rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ohùn wálẹ̀, kí ẹ máa wá dò ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tí ẹsẹ orin ti sinmi, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà. Bí ẹ bá ti rí dò lórí okùn E, fá wà ní fret kan náà lórí okùn A, sò sì wà ní fret méjì sókè lórí A yẹn. Ìyẹn nìkan á gbé yín la ọ̀pọ̀ orin ìyìn kọjá, bí akọrin bá tilẹ̀ gbé e sókè lójijì, ọwọ́ yín á kàn sún ni, ìrísí rẹ̀ kò yí. Ẹ bá oníkíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nípa ọwọ́ òsì rẹ̀. Bó bá ń fi ta béèsì nígbà tí ẹ̀yin náà ń ta á, ìsàlẹ̀ orin á di ẹrẹ̀. Bí gángan bá ń sọ̀rọ̀, ẹ pa ẹnu mọ́ díẹ̀. Ẹ tún lọ gbọ́ orin Orlando Owoh àti ti Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, kí ẹ má gbọ́ olórin, kí ẹ tẹ̀lé béèsì nìkan.

Ẹni tó bá ń dúró de béèsì olókùn mẹ́fà kó tó kọ́ṣẹ́, mo máa ń sọ ìtàn James Jamerson fún un, ẹni tó gbá béèsì sórí ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Amẹ́ríkà. Precision olókùn mẹ́rin ló ń lò, okùn dídán tí kì í sábà pààrọ̀ ló wà lórí rẹ̀, ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á.

Béèsì tí ẹgbẹ́ bá dá owó rà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí onítọ̀hún bá kúrò ní Àkúrẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, a máa ń yọ owó okùn, bátìrì àti epo jẹnẹrétọ̀ kí á tó pín owó òde. Ẹni tó bá yá béèsì ẹgbẹ́ lọ síbòmíràn á dá a padà kí ọjọ́ ìdánrawò tó pé. Bí okùn kan bá já lọ́wọ́ rẹ̀, odindi ìdì ni yóò rà, torí okùn tuntun kan láàárín mẹ́ta tó ti gbó, òun nìkan ni gbogbo òde á máa gbọ́.