Nǹkan Oṣù Tí Kò Lọ́jọ́: Láti Bódè dé Pune

Ní Ìbàdàn, tí nǹkan oṣù mi bá ti pẹ́, Bódè ni màámi máa ń mú mi lọ. Ìyá eléwé ọmọ kì í bèèrè púpọ̀. "Ṣé o ti lọ́kọ?" Ó parí. Á di èèpo igi àti egbò sínú ọ̀rá, á ní kí n fi omidùn sè é. Ó korò ju ewúro lọ, mo sì ń mu ún, àmọ́ oṣù kan á gba ọjọ́ 29, èyí tó tẹ̀ lé e á gba 52.

Nígbà tí mo wá kàwé ní Pune, ní India, Kaku, ìyá onílé mi, ló mú mi lọ sọ́dọ̀ vaidya, oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ India. Ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì. Obìnrin náà tẹ ọrùn ọwọ́ mi pẹ́, ó wo ahọ́n mi, ó wá bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: aago mélòó lo ń jẹun? Aago mélòó lo ń sùn? Ṣé o máa ń yàgbẹ́ dáadáa? Àwọn oníṣègùn Ayurveda gbà pé vata, afẹ́fẹ́ inú ara, ló ń ti nǹkan oṣù wá sísàlẹ̀, àti pé àìsùn, ebi àti oúnjẹ tútù ló ń dà á rú. Kó tó fún mi ní nǹkan kan, ó ní kí n lọ ṣe scan àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Bí oúnjẹ ńlá ṣe di ti ọ̀sán nìyẹn. Nílé, àmàlà aago mẹ́sàn-án alẹ́ la mọ̀, lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kaku á yan yànmọ̀tí dúdú títí á fi máa ta pàràpàrà, á yọ́ ṣúgà ìrèké pupa tí wọ́n ń pè ní gur, á da méjèèjì pọ̀, á fi ghee, bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́, pa ọwọ́, á sì máa yí i róbótó kó tó tutù. Méjì ni mò ń jẹ láàárọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù mi. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, mo dáwọ́ dúró, torí wọ́n ní yànmọ̀tí ń mú ara gbóná. Ó dùn mí pé Benue ń gbin yànmọ̀tí rẹpẹtẹ, mi ò sì jẹ ẹ́ rí nílé wa.

Ohun tó dọ́gba níbi méjèèjì kò dùn mọ́ mi. Ọmọ Kaku kì í wọ yàrá òrìṣà ilé wọn ní àwọn ọjọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ìyá mi àgbà ń lọ náà, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé thyroid mi, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, ń ṣiṣẹ́ lọ́ra. Oògùn òyìnbó ni mò ń lò fún un, mi ò sì fi àṣà oúnjẹ ńlá ọ̀sán sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn: ọjọ́ 33, 35, 32. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé yànmọ̀tí ló ṣe é.

Àbúrò mi obìnrin pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tirẹ̀ ti pé ọjọ́ 60. Mo bẹ màámi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná, kí wọ́n tó yà sí Bódè.