Ẹ bá mi dúpẹ́, ọwọ́ mi ti nà

Alhamdulillah! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wọ tíátà fún iṣẹ́ abẹ ọrùn, ẹ má bínú. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ni.

Iṣẹ́ abẹ yẹn fúnra ẹ̀, wẹ́rẹ́ ló lọ. Ẹṣẹ́ (gíláńdì) kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní parathyroid ló máa ń wà lọ́rùn èèyàn, àwọn ló ń darí kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le; wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀kan nínú tèmi ló wú, tó ń da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀ láìdẹwọ́, tó sì ń kó kálísíọ̀mù kúrò nínú eegun mi. Òun ló fa òkúta inú kíndìnrín tó ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ló jẹ́ kí apá mi dá lọ́jọ́ tí mo kàn gbé korobá omi. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni mí, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Wọ́n yọ ẹṣẹ́ tó wú náà tán, mo rò pé ó parí. Òru ọjọ́ kẹta ni ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí yìnrìnyìnrìn, ó dé orí ìka. Mo pe ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n sùn.

Sùn kẹ̀!

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ tí mo lè bí, ló wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. Ó so aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ mi lápá, ó fún un le. Kò tíì tú u tí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká fúnra ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tẹ̀, àwọn ìka lọ bá àtàǹpàkò, bí ìgbà téèyàn fẹ́ bu iyọ̀. Mo fẹ́ nà án, kò nà. Mo ń wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Mo ti ń ka kálímọ́tù ṣàhádà sínú.

Ọmọ náà ò pariwo. Ó di ọwọ́ mi kejì mú, ó ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Kálísíọ̀mù yín ló lọ sílẹ̀. Ebi ló ń pa eegun yín." Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n sùn. Dókítà àgbà ló pè tààrà.

Èsì àyẹ̀wò dé: kálísíọ̀mù mi jẹ́ 1.6 mmol/L. Ó yẹ kó wà láàárín 2.2 sí 2.6. Eegun tí wọ́n ti ń jà lólè láti ọjọ́ yìí wá, ìgbà tí olè kúrò, ńṣe ló ń gbé gbogbo kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mì. Magnísíọ̀mù, èròjà ara mìíràn, náà ti lọ sílẹ̀, wọ́n ní bí wọn ò bá dá ìyẹn padà, kálísíọ̀mù ò ní dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, wọ́n ń wo ọkàn mi lórí ẹ̀rọ. Ooru gba gbogbo ara mi. Àwọn ìka náà ń tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹni tó gbé ọṣẹ wá sí wọ́ọ̀dù, tó ní kí n má gba abẹ́rẹ́ mọ́, mo ti dárí jì yín. Ẹ má gbé e wá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí òkúta kíndìnrín bá ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní kí wọ́n yẹ kálísíọ̀mù yín wò. Ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́rùn, má kánjú lọ sílé. Bí ètè bá ń ṣe ọ́ yìnrìnyìnrìn, pariwo. Ẹ má sì gbé oògùn kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú) mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi wákàtí mélòó kan sáàárín wọn. Èmi ṣì ń lo tèmi lójoojúmọ́, mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọwọ́ yẹn náà ni mo fi gbé kẹ́tù àlùwàlá. Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, bí o bá rí èyí, àǹkárá yáàdì mẹ́fà rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wá mú un.