Fíìmù kọ́ńfù méjì lálẹ́ ọjọ́ kan

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, a wo fíìmù kọ́ńfù àtijọ́ méjì tẹ̀ léra. The 36th Chamber of Shaolin la kọ́kọ́ wò, a wá fi Drunken Master lé e, ọdún 1978 kan náà làwọn méjèèjì jáde ní Hong Kong. Nígbà tá a fi máa parí ó ti ń sún mọ́ wákàtí mẹ́rin, oorun ò tiẹ̀ kun ojú mi rárá. Mo ti wo méjèèjì rí o, ní kékeré, àmọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orí kásẹ́ẹ̀tì tí àwòrán ẹ̀ ń gbọ̀n ni mo sì ti wò wọ́n, wọ́n ti gé ọ̀tún gé òsì kó lè gba ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó kàn rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀, ẹ ò ní rí ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ́. Èyí tá a wò báyìí fẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe yà á gan-an, ó mọ́ kedere, àfi bíi pé mi ò wò ó rí láyé mi.

Nígbà yẹn ìjà la máa ń dúró dè. Tí wọ́n bá ti ń kọ́ áktọ̀ níṣẹ́, a ó ní kí wọ́n sáré e síwájú, ká tètè débi tó ti máa pàdé bọ́ọ̀sì. Ibi tá à ń fò yẹn gan-an ni fíìmù wà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí 36th Chamber. Gordon Liu ló ṣe San Te, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí àwọn Manchu tó ń ṣàkóso China nígbà yẹn pa olùkọ́ ẹ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀, tó fi ọgbẹ́ lára sá lọ sí tẹ́ḿpìlì Shaolin, torí ó fẹ́ kọ́ ìjà kó lè padà wá gbẹ̀san. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀, ó pẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n wá ní yàrá ẹ̀kọ́ 35 ló wà, kó mú èyí tó wù ú, eléyìí lóun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Bó ṣe wọlé síbẹ̀, àwọn àgbà mọ́ńkì tó jókòó tí wọ́n ń ka ìwé mímọ́ wọn, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, agbára tó wà lára wọn lásán ló gbé e ṣubú. Ó wá padà sísàlẹ̀ pátápátá, síbi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Yàrá àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Kì í tiẹ̀ ṣe ìjà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ọ̀nà àtilọ jẹun ni. Omi ló wà láàárín wọn àti ibi oúnjẹ, ìdì igi kan ló léfòó lórí omi náà, àwọn mọ́ńkì á fò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan kan igi yẹn fẹ́rẹ́, wọ́n ti dé òdìkejì. San Te fò, ó tẹ igi, igi yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já sómi gbàmù. Ẹni tó bá ti tutù, kò sóúnjẹ fún un. Ẹ wo ojú Gordon Liu bó ṣe jókòó tòun ti aṣọ tútù, kò sunkún, kò bínú, ó kàn ń wo igi yẹn. Kámẹ́rà ò sì kánjú, ó jìnnà sí i tó láti jẹ́ ká rí gbogbo ara ẹ̀, látorí dé àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà ló kan omi gbígbé, apá méjèèjì á nà gbọnrangandan pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ọ̀bẹ mímú wà ní abẹ́ apá, tí apá bá rẹ̀ ẹ́ tó bá wálẹ̀ báyìí, ọ̀bẹ ti gún un ní ìhà nìyẹn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, San Te ò wò ó lóòótọ́. Ó tó bí ìdajì fíìmù tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìkan ni, mi ò sì mọ fíìmù míì tó láyà láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Lau Kar-leung ló darí ẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn tó kà nínú ìwé ló ń yà. Bàbá ẹ̀ kọ́ ìjà lọ́dọ̀ Lam Sai-wing, Lam Sai-wing kọ́ ọ lọ́dọ̀ Wong Fei-hung fúnra ẹ̀, ìyẹn àgbà ìjà tó tún ń ṣe ìṣègùn ní Guangdong láyé ijọ́un. Orúkọ yẹn ló so fíìmù méjèèjì pọ̀, torí Wong Fei-hung yẹn náà, nígbà tó ṣì ń ṣe ọ̀dọ́, ni Jackie Chan ṣe nínú Drunken Master.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà náà nìyẹn. Láti 1949 ni Kwan Tak-hing ti ń ṣe Wong Fei-hung nínú fíìmù, ó lé ní 70 tó ṣe, bí bàbá àgbà tí ìwà ẹ̀ tò ló sì máa ń ṣe é. Yuen Woo-ping, tó darí Drunken Master, wá sọ ọ́ di ọmọ aláìgbọràn, tó ń ṣe ràdàràdà láàárín ìgboro títí tí bàbá ẹ̀ fi ránṣẹ́ pe Beggar So kó wá kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹni tó ṣe Beggar So yẹn, Yuen Siu-tien, bàbá tó bí Yuen Woo-ping gan-an ni. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí fíìmù jáde ló kú, mo máa ń rántí ìyẹn nígbàkígbà tí bàbá náà bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú imú pupa yẹn.

San Te ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ òun, Fei-hung ní tiẹ̀ ń sá ni. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. So á gbé e kọ́ sókè, ẹsẹ̀ lókè orí nísàlẹ̀, á ní kó máa fi ife kékeré bu omi láti inú èyí tó wà nísàlẹ̀ sínú èyí tó wà lókè, bó ṣe ń bù ú ló ń ká ara ẹ̀ sókè, ká sílẹ̀, iṣan ikùn ẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun gan-an ló ń ṣe é àbí wọ́n so ó?" Òun gan-an ni.

Lórí ìjà ìkẹyìn, mi ò ní purọ́, Drunken Master ló borí. Ìjà San Te pẹ̀lú ọ̀gá ogun Manchu tí Lo Lieh ṣe dára, àmọ́ ó tètè tán lójú mi. Hwang Jang-lee, tó ṣe bọ́ọ̀sì nínú Drunken Master, ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ò bọ́ sílẹ̀! Á ta ọ̀tún, á ta òsì, kó tó ó gbé ẹsẹ̀ padà sílẹ̀ á tún ti ta ẹ̀kẹta.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ohun tí mi ò bá má rí ká ní mi ò wò wọ́n tẹ̀ léra. San Te parí yàrá 35, síbẹ̀ mọ́ńkì àgbà kan tó di idà méjì mú ń lù ú ní àlùbolẹ̀, àfìgbà tó jókòó ro ó, tó ṣe ọ̀pá oníkèé mẹ́ta fúnra ẹ̀. Fei-hung ní tiẹ̀, stáìlì ọ̀mùtí mẹ́jọ ló yẹ kó mọ̀, ó kọ́ méje, ó fojú di ìkẹjọ, èyí tí wọ́n fi orúkọ obìnrin kan, Miss Ho, pè, torí ó ní ìjà obìnrin ni. Méje yẹn ò tó. So ń pariwo látẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, ni Fei-hung bá hùmọ̀ Miss Ho tiẹ̀ lójú ìjà níbẹ̀, ó ń jó, ó ń rọ́wọ́, ó sì ń lu bọ́ọ̀sì bolẹ̀. Olùkọ́ ò kọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì ní ohun tó gbà á là. Àmọ́ tí ò bá sí igi orí omi, tí ò bá sí ife kékeré yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi hùmọ̀ ẹ̀?

A dá Miss Ho padà, a tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé tó ń bọ̀, Snake in the Eagle's Shadow ló kàn, Yuen Woo-ping náà ni, Jackie náà ni, bàbá náà ni, Hwang Jang-lee náà ni, 1978 yẹn náà ni wọ́n ṣe é, kí wọ́n tó ṣe Drunken Master. Àbúrò mi ti ní kí n má wò ó láìsí òun.