Sílípáàsì irun àgùntàn fún Mọ́mì

Òtútù Bradford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti ilẹ̀ ló ti ń gòkè wá. Ilé olókùúta àtijọ́ là ń gbé, táìsì ló sì wà ní ilẹ̀ kíṣìnnì wa. Mọ́mì, tí wọ́n ti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ, kò gbà láti wọ bàtà nínú ilé. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ léra, tí wọ́n á máa fi rìn lórí táìsì tí ọkàn mi ò ní balẹ̀. Mo wá ní kí n hun sílípáàsì fún wọn.

Sílípáàsì ò dà bíi fìlà ọmọ. Ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á wọ́ ọ nílẹ̀. Èyí tí èèyàn kàn hun tó sì rán pọ̀, kì í pẹ́ tó fi máa ń fẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lu. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn èyí tí à ń hun tóbi, ká tó wá fi omi gbígbóná mú un súnkì.

Ọ̀dọ̀ òwú ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí. Tí omi gbígbóná, ọṣẹ àti ìgbọ̀njìgbọ̀njì bá dé bá a, àwọn ìpẹ́ yẹn á kọ́ ara wọn, wọn ò sì ní tú sílẹ̀ mọ́. Wúùlù tí wọ́n fi ń dirun nílé ò lè ṣe é, akirílíìkì ni, ìyẹn oríṣi ike kan. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀, kó já díẹ̀, kó fi iná sí i: ti àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ni lọ́wọ́, ti ike á yọ́, á di kóró líle. Wúùlù gidi pàápàá, tí wọ́n bá ti kọ superwash sí i lára, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ìpẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára kó má baà súnkì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

"Àgùntàn wo ló ní irun tó pọ̀ tó báyìí?" Ohun tí Mọ́mì bi mí nìyẹn. Wọn ò jẹ̀bi. Irun kúkúrú ló bo àgùntàn tiwa lára, kò sẹ́ni tó ń rẹ́ ẹ ṣòwú. Mo fi àwòrán Swaledale hàn wọ́n, àgùntàn orí òkè tó lójú dúdú, tí ẹnu rẹ̀ funfun. Irun rẹ̀ le, mi ò lè fi hun nǹkan ọmọ, àmọ́ ó dáa fún ẹsẹ̀. Òwò irun àgùntàn ló sọ Bradford di ọlọ́rọ̀ nígbà kan. Salts Mill tí wọ́n ṣí ní 1853, níbi tí ẹ̀rọ ti ń hunṣọ tẹ́lẹ̀, àwòrán David Hockney, ayàwòrán ọmọ Bradford, ni èèyàn ń lọ wò níbẹ̀ báyìí. Lónìí, owó tí àgbẹ̀ ń rí lórí irun ẹran rẹ̀ lè má tó èyí tó san fẹ́ni tó rẹ́ ẹ. Ìyẹn máa ń dùn mí.

Abẹ́rẹ́ 6 mílímítà ni mo lò, okùn méjì pọ̀. Mo kọ́ ojú 36, mò ń hun lọ, mò ń hun bọ̀, bákan náà lójú àti lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Mọ́mì ò ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, àmọ́ mo hun ún dé 32, torí gígùn ló máa ń súnkì ju ìbú lọ. Níbi ọmọ ìka, mo ń mú ojú méjì pọ̀ títí wọ́n fi ku ìdajì, mo fa okùn gba inú gbogbo wọn, mo sì fún un pa. Lẹ́yìn náà ni mo rán òkè àti gìgísẹ̀. Mọ́mì gba ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ mi, wọ́n hun ún yá ju tèmi lọ. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn ní iléèwé, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ò kárí.

Ìjà dé nígbà tí mo fẹ́ kó o sínú ẹ̀rọ.

"Àjọkẹ́, ṣé o fẹ́ bà á jẹ́ ni? Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ wúùlù!"

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ dáadáa."

Mo sọ ọ́ sínú àpò ìrọ̀rí kí ìdọ̀tí rẹ̀ má baà dí ẹ̀rọ, mo fi jíìnsì méjì kún un kí wọ́n máa lù ú, mo sì gbé ooru omi rẹ̀ sí 60. Ó jáde ní kíki, ojú ìhun ò hàn mọ́. Mọ́mì fi náílọ̀nù wé ẹsẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní tútù kó lè gba ìrísí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Ó wà lórí ìwé ìròyìn báyìí, jìnnà sí híítà. Awọ ni màá rán sí i nísàlẹ̀, torí wúùlù á yọ̀ lórí táìsì ju ìbọ̀sẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá sọ pé irú iṣẹ́ yìí ń dín owó kù, ẹ má dá a lóhùn. Owó òwú yìí á ra sílípáàsì mẹ́ta ní sùpámákẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ti sùpámákẹ́ẹ̀tì máa ń mú ẹsẹ̀ làágùn, wúùlù sì lè mu omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ kó tó dà bí ohun tó tutù lára.

Mọ́mì ti ní kí n ṣe ti Dádì.

"Ní Ìbàdàn, Mọ́mì?"

"Ọyẹ́ kì í jà ní Ìbàdàn ni?"

Nọ́ńbà 45 ni Dádì ń wọ̀. Òwú tó kù nílé ò lè tó ẹsẹ̀ kan.