Páànù Griswold nọ́ńbà 8: láti inú ìpẹtà dé orí iná

Sátidé

Abẹ́ tábìlì ni mo ti rí i, nílé olóògbé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta ẹrù ilé níbí ní Cleveland. Wọ́n to àwo tánganran àti aago ògiri sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni páànù irin yìí wà, nínú páálí kan náà pẹ̀lú òòlù àti ìṣó. Epo ọdún gbọọrọ ti jó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi rí bí èèpo igi. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Dọ́là 15 ni wọ́n pè é, mi ò ná an rárá.

Kí n tó sanwó, mo yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Mo fi ìka kan gbé e kọ́ níbi ihò ìdìmú rẹ̀, mo fi kókó ìka kàn án: ó dún gooro bí agogo. Èyí tó bá ti sán a máa dún kọ̀, bí ìkòkò amọ̀ tó ti là. Mo gbé e lé orí tábìlì gíláàsì, mo tari rẹ̀ díẹ̀, kò pòyì. Páànù tó bá ń yí bí òkòtó, iná ti mú ìdí rẹ̀ wú nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Ìpẹtà lásán ṣeé fi èékánná ha, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n jù sínú iná ńlá máa ń pọ́n bí amọ̀ sísun, epo kì í sì í dì mọ́ irú rẹ̀ dáadáa mọ́. Èyí kò pọ́n bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹ̀yìn rẹ̀, mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ èérí. Òbìrípo méjì, ọ̀kan nínú èkejì, àgbélébùú láàárín wọn, GRISWOLD, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lórí apá àgbélébùú náà, ERIE PA., U.S.A. nísàlẹ̀, àti 704, nọ́ńbà bátánì páànù náà. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wọlé.

Ìlú Erie ní Pẹnsilfáníà kò jìnnà síbí, létí adágún kan náà ni àwa méjèèjì wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dá iṣẹ́ Griswold sílẹ̀ lọ́dún 1865, irin tí wọ́n fi ń kọ́ ilẹ̀kùn mọ́ férémù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sórí ohun ìdáná. Ọdún 1957 ni ibẹ̀ tì. Lẹ́tà GRISWOLD ara páànù tèmi dúró ṣánṣán, ó sì tóbi. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ní lẹ́tà tó dagun, àwọn tó tẹ̀ lé e ní àmì kékeré. Ìyẹn gbé e sí nǹkan bí ọdún 1920 sí 1940. Òrùka tó yí ìdí rẹ̀ ká sì mú mi gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò náà ló ti wá, torí pẹrẹsẹ ni wọ́n ń ṣe ìdí rẹ̀ nígbà tó yá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nọ́ńbà 8 ni ìbú rẹ̀. Rárá o. Ojú ààrò onígi tí páànù náà bá mu ni nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí. Bí mo ṣe wọn ẹnu tèmi, ó lé ní ínńṣì 10. Ẹ tún ṣọ́ra fún páànù Wagner tí wọ́n kọ 1891 sí nídìí. Lóòótọ́ ni iṣẹ́ Wagner bẹ̀rẹ̀ ní Sidney, ní Ohio yìí, lọ́dún 1891, àmọ́ páànù tó ní àkọlé yẹn, ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Òun ni mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, owó gidi ni mo sì kó lé e.

Sunday

Torí pé àárín òòlù ni mo ti bá a, mo kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò bóyá òjé wà lára rẹ̀. Àwọn apẹja àtijọ́ máa ń yọ́ òjé nínú irú páànù yìí láti fi ṣe ìwúwo okùn ìwọ̀, irú ìyẹn kò sì gbọdọ̀ kan oúnjẹ mọ́. Kò sí òjé lára tèmi.

Lẹ́yìn náà, mo po kọ́sítíìkì sódà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ńlá, páùn 1 sí gálọ́ọ̀nù omi 5. Inú omi ni kí ẹ máa da kọ́sítíìkì sí o, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú, ẹ má sì fi ohunkóhun tó jẹ́ alumíníọ̀mù kàn án, yóò jẹ ẹ́ ni.

Nígbà tí mo ri páànù náà sínú rẹ̀, tí mo sì dé e tán, Ìyá àgbà wa ní Oǹdó ni mo rántí. Wọ́n máa ń jó èèpo kòkó títí yóò fi di eérú, wọ́n á sẹ́ omi gba inú eérú náà, wọ́n á wá gbé omi yẹn pẹ̀lú àdín kaná títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Iṣẹ́ kan náà ló ń lọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Epo tó ti jó mọ́ irin ni kọ́sítíìkì ń bá jà, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí omi lè ṣàn dànù. Kò ṣe irin fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹfà

Èèpo náà ṣí kúrò bí awọ iṣu sísè. Ìpẹtà ló kù.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé ẹ̀rọ ìlọrin jáde, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ilé iṣẹ́ Griswold ti lọ inú páànù wọn jọ̀lọ̀ kí wọ́n tó tà á. Tí ẹ bá fojú sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po nínú rẹ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Erie ló kọ ìlà yẹn. Ẹni tó bá ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ ti pa á rẹ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

Iná mànàmáná ni mo fi yọ ìpẹtà tèmi. Mo po sódà ìfọṣọ sínú omi, mo so okùn nẹ́gétíìfù ṣájà bátìrì mọ́tò mọ́ páànù, mo so pósítíìfù mọ́ irin ìgékoríko tó ti gbó, mo ri àwọn méjèèjì sínú omi náà, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n kanra. Irin tí kì í dípẹtà kò dára fún ẹ̀gbẹ́ pósítíìfù, torí májèlé máa ń ti ara rẹ̀ wọnú omi. Mo ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì sílẹ̀ gbayawu, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lè gbiná. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn náà, irin eléérú mímọ́ ló jáde.

Mo fi omi ṣàn án, ni fóònù dún láti ilé. Mo ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí n tó padà dé, ìpẹtà pupa ti tún yọ káàkiri rẹ̀, nítorí pé irin tó wà níhòòhò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo nù ún, mo sì sáré gbé e sínú ófùnù kí ó gbẹ.

Ọjọ́ keje

Mo mú un jáde nígbà tó gbóná díẹ̀, mo fi òróró kánólà pa á tinútẹ̀yìn, mo wá nù ún dànù bí ẹni pé àṣìṣe ni mo fi pa á. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Epo tó bá ṣẹ́kù yóò lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Mo da ojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú ófùnù, dígírì 450 Fahrenheit fún wákàtí kan, mo jẹ́ kí ó tutù sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi àdín dán an wò lára páànù mìíràn, nítorí ìfẹ́ ilé. Kò gbẹ. Ọ̀rá àdín kì í dì mọ́ irin bí òróró kánólà ṣe máa ń ṣe. Òróró irúgbìn fláàsì (flaxseed) tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn máa ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi bó kúrò lẹ́yìn oṣù méjì, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Dòdò ni mo kọ́kọ́ dín. Ìdí rẹ̀ kò lẹ̀ rárá, etí rẹ̀ sì pọ́n bákan náà yíká. Mo fi han Màmá lórí fóònù. Wọn ò wo dòdò, ẹ̀yìn páànù ni wọ́n ní kí n yí sókè. Wọ́n ka lẹ́tà náà, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Ṣé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Ìyá àgbà fi ń se ọṣẹ náà ní irú ìwé yìí lára ni?”

Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní omi òjò ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní kí ẹnì kan da omi náà nù, kí ó fi ẹfun pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i tí ilẹ̀ bá ti ṣú.