Ohio State àti Michigan: Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Níbí, Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Nílé

Ẹni tó bá ń gbé ní Columbus, ìlú tí yunifásítì Ohio State wà ní Amẹ́ríkà, kò nílò kàlẹ́ńdà láti mọ̀ pé Ohio State fẹ́ pàdé yunifásítì Michigan nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football). Ní ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n máa ń fi téèpù pupa fa igi lé. Sátidé tó tẹ̀ lé Thanksgiving (ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà), ní ìparí oṣù kọkànlá, ni ìdíje náà máa ń bọ́ sí, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń bá a bọ̀ láti ọdún 1897. Ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé irú Arsenal àti Chelsea ni, àfi ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo àwọn tó ń sáré lórí pápá yẹn.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ yunifásítì nílé. UI ní Pioneers, Unilag ní Marines, OAU ní Giants. NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì wa, ti wà láti ọdún 1966, HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù wọn, sì bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ṣùgbọ́n ẹ gba Agbówó kọjá ní ọ̀sán Sátidé, ní ẹnu géètì UI gan-an, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ máa bá tó kún fọ́fọ́, Premier League ni wọ́n sì ń wò. Bí ọmọ UI àti ọmọ Great Ife bá ń bá ara wọn fà á, ọ̀rọ̀ ta ni àgbà, ta ló mọ̀wé jù ni. Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan níbẹ̀.

Níbí, Ohio Stadium ń gba èèyàn 102,780, Michigan Stadium tó wà ní Ann Arbor ń gba 107,601, kò sì sí àga tó máa ṣófo lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kò wọ kíláàsì kankan ní Ohio State rí náà á wọ pupa, àwọ̀ wọn. Ohun tó fà á kò le: Cleveland àti Cincinnati ló ní ẹgbẹ́ NFL (líìgì àwọn tó fi eré yìí ṣe iṣẹ́) ní ìpínlẹ̀ Ohio, Columbus kò ní. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yunifásítì ni ẹgbẹ́ ìlú. Ó wù mí kí irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, torí ó ń dunni pé ọmọdé tó mọ agbábọ́ọ̀lù kejìlá Arsenal kò mọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún ilé ìwé tó wà ní ìtòsí ilé wọn. Ti owó náà wà ńbẹ̀. Láti oṣù keje 2025, yunifásítì Amẹ́ríkà lè san owó fún àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó fi dé mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Nílé, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ló ń fowó ara wọn ra bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù tiwa lọ. Yáàdì 100 ni pápá. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n á tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń gbá a jìnnà réré ní ìgbìyànjú kẹrin, kí ọ̀tá lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Touchdown, ìyẹn kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ọ̀tá, jẹ́ póìǹtì 6; field goal, ìyẹn kí wọ́n fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì, jẹ́ 3. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n kọ sílẹ̀, àmọ́ ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀, nítorí agogo ń dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bá já sílẹ̀, ìpolówó tẹlifíṣọ̀n náà kò sì lópin.

Ẹ má fi orúkọ wọn wọ̀n wọ́n o. Ohio State ló sábà máa ń ní àwọn tó yára jù láti gba bọ́ọ̀lù lókè. Michigan ló ń gbẹ́kẹ̀ lé àwọn abara ńlá iwájú, tí wọ́n ń lanà fún ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Òtútù oṣù kọkànlá máa ń mú kí bọ́ọ̀lù le kó sì máa yọ̀, ẹni tó lè sáré gbé e ló sì máa ń jàǹfààní. Ní 2021, Michigan fẹsẹ̀ sáré yáàdì 297, Ohio State 64, ó parí sí 42 sí 27. Ní 2024, Michigan tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún yẹn wá sí Columbus, kò sí ẹni tó fún un ní àǹfààní kankan. Yáàdì 172 ni wọ́n sá, Ohio State sá 77, ó sì tàsé field goal méjì. 13 sí 10 ni Michigan fi nà án, ìjà bẹ́ lórí àsíá tí Michigan fẹ́ rì mọ́ àárín pápá, ọlọ́pàá fín ata sí wọn lójú, Big Ten, líìgì tí àwọn méjèèjì wà, sì bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohio State yẹn kan náà ló wá gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2025! Ní 2025, ó lọ fi 27 sí 9 nà Michigan ní Ann Arbor.

Ọmọ wa wà nínú ìtàn yìí o. Nígbà tí Michigan fi 45 sí 23 nà Ohio State ní Columbus ní 2022, Olusegun Oluwatimi ló wà ní àárín ìlà iwájú wọn. Ipò yẹn ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn fún quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), òun náà ló ń kígbe fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ta ni kí wọ́n dì mú. Bó bá ṣì í sọ, quarterback á kàn rí òkè ńlá tó ń wó bọ̀ lórí rẹ̀ ni. Lọ́dún yẹn, ó gba Rimington àti Outland, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn tó dára jù lórí ìlà.

Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wò ó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìgbà méjì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá gba bọ́ọ̀lù ni kí ẹ ṣọ́. Bí Michigan bá ń rí yáàdì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́, ọjọ́ náà á gùn fún Ohio State. Bó bá jẹ́ yáàdì kan tàbí méjì ló ń rí, á di dandan kó máa ju bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa já a gbà.

Nílé, ìdààmú ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ni pé kí NEPA má mú iná lọ, kí epo jẹnẹrétọ̀ má tán. Níbí, òtútù ni. Bẹ́ǹṣì onírin máa ń fa ooru jáde lára èèyàn, nítorí náà ẹ mú tìmùtìmù láti jókòó lé, kí ẹ sì tẹ́ páálí sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn dára ju òwú lọ, torí òwú tó bá gba òógùn kì í tètè gbẹ, á wá di yìnyín sí yín lẹ́sẹ̀. Báàgì tí a lè rí inú rẹ̀ ni Ohio Stadium ń gbà, tí kò ju íǹṣì 12 sí 6 sí 12 lọ. Orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà: ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, òtútù sì ń jẹ bátìrì.

Ẹ tètè jókòó kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì sáré jáde nígbà ìsinmi láti lọ ra nǹkan bí a ti ń ṣe nílé. Láti 1936 ni ẹgbẹ́ olórin Ohio State ti ń fi ẹsẹ̀ kọ «Ohio» sórí pápá. Ẹni tó gbé fèrè ńlá kọ́rùn á jó wá síwájú láti di àmì orí «i», á ṣí fìlà, á tẹrí ba fún apá kan pápá, á yí padà, á tẹrí ba fún ìkejì, ìró ayọ̀ á sì gba gbogbo pápá. Agbábọ́ọ̀lù Ohio State tó bá borí Michigan ní ẹ̀bùn tirẹ̀ náà: ṣòkòtò wúrà bíńtín kan tí wọ́n ti ń fún wọn láti ọdún 1934. Àwọn mìíràn ti lo gbogbo ọdún ilé ìwé wọn láìrí ẹyọ kan gbà.